Ẹni Tó Jogún Màlúù: Oníṣábẹ̀ẹ́, Omi, àti Ìsédò Oníyẹ̀pẹ̀

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé ti di olóògbé, àlàyé wà nípa bí àwọn ọmọ ọba ṣe pín ogún baba wọn. Ọba Ìbíní kó owó ẹyọ. Ọ̀ràngún Ìlá kó àwọn ìyàwó. Olúpópó kó ìlẹ̀kẹ̀, Olówu kó aṣọ, Alákétu kó adé. Oníṣábẹ̀ẹ́ ni ó kó màlúù. Nígbà tí ó kan Ọ̀rányàn, ilẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tọ́ka sí ìtàn yìí láti fi hàn pé adé Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára àwọn adé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọlá ńlá sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ìhà mìíràn tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Owó ẹyọ kì í mu omi, ìlẹ̀kẹ̀ kì í mu omi, adé pàápàá kì í mu omi. Màlúù ń mu ún lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹyọ kan ṣoṣo lè mu tó 30 sí 40 lítà ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jogún agbo màlúù ti jogún ọ̀ràn omi mọ́ ọn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti wà lọ́rùn Ṣábẹ̀ẹ́, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ilẹ̀ àpáta, ilẹ̀ òùngbẹ

Ṣábẹ̀ẹ́, tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè, wà ní ẹkùn Collines ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní nǹkan bí 250 kìlómítà sí Cotonou. Àwọn òkè àpáta ńláńlá tí ó yọrí sókè ní ìlú náà ni àlejò kọ́kọ́ ń rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Dàhòmì ń da ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láàmú, àwọn òkè yìí di ibi ìsádi. Àpáta gbani lọ́wọ́ ogun. Ṣùgbọ́n àpáta kì í gbani lọ́wọ́ òùngbẹ.

Òkúta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ le púpọ̀. Kò sí ibi tí omi lè fara pamọ́ sí nínú rẹ̀ àfi ojú ibi tí ó bá sán. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè gbẹ́ kànga jìnnà kí ó má kan nǹkan kan, tí aládùúgbò rẹ̀ yóò sì gbẹ́ tirẹ̀ ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, tí omi yóò sì sun. Òjò kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ó ń tó nǹkan bí 1,100 mìlímítà lọ́dún. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Odò Ouémé ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn, odò Okpara ń ṣàn ní ìlà-oòrùn. Ouémé tí ó gba abẹ́ afárá Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá ti kó omi ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ju 23,000 kìlómítà oníhà mẹ́rin lọ, ó sì ń kún tí ó ń bani lẹ́rù nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá gbó, odò kan náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìṣàn rẹ̀ dúró.

Ìṣòro Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà náà, kì í ṣe pé omi kò wá. Omi ń wá, ṣùgbọ́n kì í dúró. Dídá omi dúró ni iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀.

Èèwọ̀ tí ó jẹ́ ìtọ́jú

Ní ìlú Yorùbá àtijọ́, omi kì í wà láìní olùṣọ́. Orísun tí ìlú ń pọn ní ìdílé tí ó ń bójú tó o. Èèwọ̀ ni láti fọ aṣọ sí ojú orísun, èèwọ̀ ni láti gé igi kan báyìí ní etí odò, èèwọ̀ ni láti kó ẹran wọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Bí ọdún ìbílẹ̀ bá sún mọ́, ọba a ránṣẹ́ sí àwọn baálẹ̀, baálẹ̀ a sọ fún àwọn ọ̀dọ́, wọn a sì jáde lọ ro ọ̀nà odò, wọn a kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò lójú omi. Ẹni tí kò bá jáde san ìtanràn.

Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìgbàlódé kan a máa rò pé ìgbàgbọ́ lásán ni èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ètò ìtọ́jú ni, tí wọ́n fi aṣọ ẹ̀sìn bò kí ó lè pẹ́. Ó sọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà, ó sọ ìgbà tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wáyé, ó sì sọ ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí ó bá kọ̀. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ni ó sábà ń ṣọ̀wọ́n jù lórí iṣẹ́ omi òde òní.

Bákan náà ni iṣẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní Kétu, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá Ṣábẹ̀ẹ́, odi àti yàrà tí ó yí ìlú ká, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà Àkábà Ìdẹ̀nà, ṣì jẹ́ ìran àpéwò. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Súngbọ́ gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ibòmíràn nínú rẹ̀ sì jìn tó 20 mítà láti òkè odi dé ìsàlẹ̀ yàrà. Àwọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ lè lágbára bí òkúta, kìkì bí ènìyàn kò bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ìrèké dé, bàráàjì tẹ̀ lé e

Ní ọdún 1975, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1983. Ó rí ìgbà dídùn, ó rí ìgbà kíkan. Ní ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan, Complant, gbà á ṣe lábẹ́ orúkọ SUCOBE. Ìrèké kì í ṣe ohun ọ̀gbìn oṣù mẹ́ta. Nǹkan bí ọdún kan ni ó ń lò lórí ilẹ̀, kò sì lè la ẹ̀ẹ̀rùn Ṣábẹ̀ẹ́ já bí a kò bá bomi rin ín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fojú ara wọn rí i pé ilẹ̀ tí ó gbẹ táútáú ní oṣù kejì lè tutù yọ̀yọ̀ bí omi bá wà.

Láàárín àkókò kan náà, àwọn ìsédò kéékèèké tí àwọn ènìyàn ń pè ní bàráàjì ń pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, pàápàá ní ìhà àríwá, ẹkùn àárín gbùngbùn náà kò sì gbẹ́yìn. Odi iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n mọ dí ojú àfonífojì kí omi òjò lè dúró sẹ́yìn rẹ̀. Fúlàní ń da màlúù wá mu níbẹ̀, àwọn obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń pa ẹja nínú rẹ̀. Ohun tí Oníṣábẹ̀ẹ́ jogún nínú ìtàn àti ilẹ̀ tí Ọ̀rányàn jogún pàdé lójú kan náà: iyẹ̀pẹ̀ ni ó ń dá omi dúró kí màlúù lè mu.

Ilé-ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀ràn ìsédò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1928, kì í ka ìsédò sí ńlá àyàfi bí ó bá ga tó mítà 15, tàbí bí ó bá ga ju mítà 5 lọ tí ó sì gba omi tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta mítà onígun lọ. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ìwé wọn. Ó rọrùn, nítorí náà, kí ìsédò abúlé má ní ìwé ní ibì kankan: kò sí àwòrán bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Síbẹ̀, odi mítà mẹ́fà péré ti ga tó láti pa gbogbo ẹni tí ó sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Odi tí ó ń mu omi

Ọ̀mọ̀lé ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé omi ni ọ̀tá ògiri. Ó ń po amọ̀, ó ń mọ ọ́n ní ìpele ní ìpele, ó ń jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí ó tó gun òmíràn lé e, lẹ́yìn náà ó fi òrùlé bò ó kí òjò má bàa kàn án. Ìsédò yàtọ̀. Inú omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, kò sì ní òrùlé. Ìpele ní ìpele ni òun náà, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá gbẹ jù, kò ní lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá rin jù, kò ní ki. Amọ̀ tí ó dára jù ni wọ́n ń fi sí àárín, wọn a sì gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ kí omi má bàa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìhà tí ó kọjú sí omi ń ní òkúta kí ìgbì má bàa jẹ ẹ́, ìhà kejì ń ní koríko kúkúrú.

Kò sí odi iyẹ̀pẹ̀ tí kì í mu omi díẹ̀. Omi ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọ inú rẹ̀, ó sì ń yọ jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìhà kejì. Èyí nìkan kì í ṣe ewu. Àwọ̀ omi náà ni kí a wò. Bí ó bá mọ́ gaara, odi ń mí. Bí ó bá pọ́n tàbí tí ó rú, iyẹ̀pẹ̀ inú odi ni ó ń kó jáde: ihò ti bẹ̀rẹ̀ nínú, ihò náà yóò sì máa fẹ̀ sí i láti òru dé òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá rí i, a sáré fi amọ̀ dí ojú rẹ̀. Àṣìṣe ni. Omi tí a bá dí lójú kan yóò wá ojú mìíràn, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ da yanrìn lé e, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ lé yanrìn, kí omi lè máa jáde kí iyẹ̀pẹ̀ má sì lè bá a lọ. Wọn a sì tètè dín omi inú adágún kù.

Ibi tí ògiri ti ń lanu

Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lórí ìsédò, ohun tí ó ń la ògiri lẹ́nu kì í ṣe ohun ńlá. Ikán ń kọ́ ilé sínú rẹ̀. Òkété ń gbẹ́ ihò sí i. Igi tí ó dára fún ibòji hù sórí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì wọ inú. Lọ́jọ́ tí igi náà bá kú, gbòǹgbò a jẹrà, ọ̀nà tóóró a sì ṣí sílẹ̀ fún omi. Màlúù tí kò rí ọ̀nà mìíràn ń gba orí odi kọjá, pátákò wọn sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ojú kan yóò fi rẹlẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni omi yóò gbà bí adágún bá kún.

Ìdí nìyí tí gbogbo ìsédò fi ní ojú ọ̀nà kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó rẹlẹ̀ ju odi lọ, kí omi àkúnwọ́sílẹ̀ lè gbabẹ̀ jáde láìgun orí iyẹ̀pẹ̀. Odi iyẹ̀pẹ̀ tí omi bá gun orí rẹ̀ kì í pẹ́ wó. Ojú ọ̀nà yìí sì ni ìjà àárín àwọn aládùúgbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi oṣù kẹwàá bá ń ṣàn jáde níbẹ̀, àgbẹ̀ a wò ó bí ìrẹsì tí ń ṣòfò, darandaran a wò ó bí oṣù kan tí wọ́n gé kúrò nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí màlúù rẹ̀ lè là já. Oòrùn nìkan ń fa omi tí ó ga tó mítà kan ààbọ̀ kúrò lójú adágún bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, nítorí náà kò sí ẹni tí kò mọ iyì omi. Ẹnì kan a wá kó àpò iyanrìn dí i, apẹja a ta àwọ̀n mọ́ ọn, igi tí omi gbé wá a há síbẹ̀. Ẹni tí ó dí i kì í ṣe ìkà. Òùngbẹ ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń sá fún. Ṣùgbọ́n òjò ńlá kan ṣoṣo, ní òru ọjọ́ kan, lè sọ ọgbọ́n náà di ọ̀fọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àlá ni ewu yìí. Ní ìpínlẹ̀ Kano, ìsédò oníyẹ̀pẹ̀ Bagauda wó ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, lẹ́yìn tí ó ti dúró fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní ìlú Derna ní Líbíà, ìsédò méjì tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970 wó ní òru ọjọ́ 10 mọ́jú ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá omi lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, nínú oṣù kẹsàn-án kan náà, ìsédò Alau ya lẹ́bàá Maiduguri, omi sì lé ọ̀pọ̀ ẹbí kúrò nílé wọn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ sórí odò Ọ̀nà ní ọdún 1942, fara gbọgbẹ́ nínú àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tí ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ní ìlú náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe lábẹ́ ètò tí Báńkì Àgbáyé yá ìjọba lówó fún. Ẹlẹ́yẹlé rí àtúnṣe nítorí pé ìlú ńlá ń mu omi rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìjọba. Ìsédò abúlé kì í ní irú alágbàwí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé iyẹ̀pẹ̀ kò dára ni àwọn ibi wọ̀nyí kọ́ wa. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìsédò ayé ni wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ mọ, wọ́n sì ń dúró. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìsédò kì í wó ní ọjọ́ tí ó bá wó. Ó ti ń wó láti ọdún pípẹ́, kò kàn sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i ni.

Ta ni olùṣọ́?

Òfin kò ṣàì sọ̀rọ̀. Àwọn òfin ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 fún àwọn kọ́múùnù Bẹ̀nẹ̀ ní agbára lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlú, òfin omi ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2010 sì fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa lo omi àti bí a ó ṣe máa dáàbò bò ó. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé aṣòfin tún fọwọ́ sí òfin tí ó fi ìlànà lélẹ̀ lórí ipò ọba àti olóyè ìbílẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí ìwé méjèèjì, ti omi àti ti adé, pàdé lórí odi kan náà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọba kì í ṣe ẹnjiníà, kò sì ní owó àtúnṣe lọ́wọ́. Òtítọ́ ni. Bí omi pípọ́n bá ń yọ ní ẹsẹ̀ ìsédò, ẹnjiníà ni a gbọ́dọ̀ pè, kì í ṣe babaláwo, kì í sì í ṣe ìjòyè. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ó bá wá rárá. Obìnrin tí ó ń bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ odi wà níbẹ̀ láràárọ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ rí i pé omi tí ó mọ́ lánàá ti pọ́n lónìí. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni pé, bí ó bá rí i, ta ni yóò sọ fún, ṣé wọn yóò sì gbọ́ ọ?

Níhìn-ín ni àga Oníṣábẹ̀ẹ́ ti ní iṣẹ́ tí kò sí ọ́fíìsì tí ó lè bá a ṣe tán. Àṣẹ ọba lè yan ìdílé kan sí ìsédò kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yan ìdílé sí orísun omi láyé àtijọ́. Ó lè dá ọjọ́ kan sí oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ọ̀dọ́ yóò jáde láti gé igi kéékèèké orí odi, láti dí ihò òkété, láti kó pàǹtí kúrò lójú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀. Ó lè pe Fúlàní, àgbẹ̀ àti apẹja jókòó síwájú rẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò sí ibi tí màlúù yóò máa gbà débi omi, kí wọ́n sì sọ dídí ojú àkúnwọ́sílẹ̀ di èèwọ̀. Darandaran tí kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì kọ́múùnù mọ ọ̀nà ààfin. Nígbà tí òjò bá pọ̀ lóru, ìlù àti agogo akígbe ṣì ń dé ibi tí tẹlifóònù kò dé, bí a bá ti ka àwọn ilé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a sì ti fi ibi gíga tí wọn yóò sá sí hàn wọ́n.

Àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ gba àwọn baba ńlá là lọ́wọ́ ogun, kò sì sí ẹni tí ó mọ wọ́n. Ìsédò yàtọ̀ sí òkè: ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ ọ́n, ọwọ́ ènìyàn ni yóò sì mú un dúró. Oṣù kẹta kì í pẹ́ dé. Kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ nílé lóko gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ààfin àti dé kọ́múùnù kí òjò tó ṣú.

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí omi Ṣábẹ̀ẹ́ má sì di ọ̀tá ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́.